Olóyè Tó Gbógun Ti Afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá sọ pé ìgbéraga kì í wúwo, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àga tí Olóyè Ọláníyan Akíndàmọ́lá ń jókòó lé ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Lẹ́kkí. Àga aláwọ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ti bíṣọ́ọ̀bù lọ, orí pèpéle onígi ni wọ́n sì gbé e lé, kí àlejò tó bá wọlé lè kọ́kọ́ wòkè kó tó kí i. Olóyè fúnra rẹ̀ kò ga. Ìdí tí pèpéle fi wà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín.

Òun ni ọ̀gá àgbà ní Kóhùnrìn, iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ní ìdajì rẹ̀, tí àwọn olówó ìlú sì ní ìdajì yòókù. Ní ìgbà tí à ń wí yìí, wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójú. Katapílà ń hú ilẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, eruku ń sọ lálá, àwọn ènìyàn sì ń ya wọ Ajah àti Addo bí omi tó já odi. Ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké lánàá, ẹ ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀ lónìí. Gbogbo ẹni tó bá sì ti kó wọlé, kó tó ta aṣọ sójú fèrèsé, ìbéèrè kan náà ló ń béèrè: "Íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Lórí ìbéèrè yẹn ni Kóhùnrìn ṣe pe ìpàdé. Hameedah, ẹnjíníà obìnrin tó ń darí ẹ̀ka ẹ̀rọ, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Lójú tèmi, ká má walẹ̀ rárá. Ọ̀pó onírin kan ti wà ní Lakowe tí a rì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó dé, tí a kò lò. Ká fi òmíràn kún un ní Addo. Ẹni tó bá fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ká gbé àpótí kékeré kan sórí òrùlé rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e délé fún un. Wọ́n ń ṣe títì lọ́wọ́, sà. A ò mọ ibi tí katapílà máa gbà lọ́la. Bí a bá sin wáyà sínú ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń tú, àtúnsin la ó máa ṣe títí."

Olóyè yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Kí lo ní yóò gbé e?"

"Afẹ́fẹ́, sà."

"Afẹ́fẹ́. Ohun tí ewúrẹ́ ń mí sínú lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun yẹn ni kí èmi Akíndàmọ́lá máa pariwo tà?" Ó dìde lórí pèpéle. "Ṣé ẹ lè kọ orúkọ ènìyàn sára afẹ́fẹ́? Ta ni yóò gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀? Níbo ni kọmíṣọ́nnà máa dúró sí tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò? Wáyà ni ọkùnrin! Wáyà ni baba! Ẹ walẹ̀ láti Lẹ́kkí dé Ajah, ẹ wà á láti Ajah dé Addo. Kí ẹ fi irin ṣe ìdérí sí gbogbo ojú ihò, kí ẹ ya ojú mi sára rẹ̀, kí ọmọ ọmọ yín lè máa kọjá, kó máa wí pé..." Ó wò yíká. "Kó máa wí pé kí ni?"

Akínbọ̀dé, agbẹnusọ iléeṣẹ́, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ̀ ju ilá lọ, ti fò dìde. "Kó máa wí pé, ẹ wo ojú akọni tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀!"

"Kò burú. Fi àgbà kún un."

"Àgbà akọni tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hameedah náà pàtẹ́wọ́, torí ó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Kò sì sí ẹni tó láyà láti rán Olóyè létí pé ìdérí ihò, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́.

Kò parí síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àṣẹ jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ afẹ́fẹ́ mọ́ nínú ọgbà Kóhùnrìn. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbà mí! Fáànù di "ẹ̀rọ tó ń yí". Akọ̀wé kan jẹ ẹ̀wà yó, inú rẹ̀ wú bí ìlù, ó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, kò mọ bí yóò ṣe sọ ohun tó ń ṣe é, ọwọ́ ló ń fi júwe. Ṣùgbọ́n Tájù, awakọ̀ Olóyè, ló rí èyí tó le jù. Wọ́n ń bọ̀ láti Ajah lọ́sàn-án gangan nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀. Táyà ẹ̀yìn... ohun tó wà nínú rẹ̀ ti jáde."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Tájù wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ohun tí ẹ ní ká má dárúkọ ni, sà."

Inú Olóyè dùn. "O ṣeun, Tájù. Ọmọ tó gbọ́ràn ni ọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró létí títì nínú agbádá funfun, tí eruku ń bò ó, tí fọkanáísà ń fi ohun tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ kún táyà rẹ̀, fúú, fúú, fúú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Olúdélé ni olórí àwọn tó ń wà á, ọkùnrin kan láti Ìkirè tó kó àwọn ará ìlú rẹ̀ wá síṣẹ́ kọ́ńkéré, kí wáyà tó gbà wọ́n. Àmọ́ iyanrìn etí òkun kì í ṣe ilẹ̀ Ìkirè. Ẹ wà á lówùúrọ̀, yóò wó padà lọ́sàn-án. Ẹ tún un wà, omi yóò sun láti ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí akàn fi gba inú àwọn ihò náà, tí àwọn ìyá àdúgbò ń gbé apẹ̀rẹ̀ wá, tí wọ́n ń ṣí ojú Olóyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó kó ọbẹ̀ alẹ́.

Ẹbí kan jáde ní Addo, wọ́n ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Wọ́n bẹ̀ wọ́n tán, ẹbí kejì jáde. Àwọn wọ̀nyí kò jiyàn rárá, wọ́n ní òótọ́ ni pé orí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀, tiwọn ni. Nígbà tí ìyẹn rọlẹ̀, àwọn tó ń ṣe títì yí ojú títì díẹ̀ sápá òsì, wáyà tó wà létí títì tẹ́lẹ̀ sì bá ara rẹ̀ láàárín títì. Katapílà gé e. Wọ́n so ó. Katapílà gé e. Àwọn olè náà kò gbẹ́yìn, torí bàbà ló wà nínú wáyà yẹn, bàbà sì ń tà. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àwọn olè yìí nìkan ló fẹ́ràn wáyà ju Olóyè lọ.

Gbogbo ìgbà tí Hameedah bá gbé ìròyìn wá, èsì kan náà ni Olóyè ń fọ̀: "Ẹ tún un wà." Akínbọ̀dé yóò sì lọ bá àwọn oníwèé ìròyìn, yóò ní Olóyè mọ̀ọ́mọ̀ ní kí wọ́n tún un sin ni, kó lè fìdí múlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀, torí ẹnìkan wà tí kò rí nǹkan kan rín sí. Fúnláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀ ní Addo. Ọjọ́ tí Olóyè wá bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, tó gbá àyà pé kí òjò tó dé ni íńtánẹ́ẹ̀tì yóò ti máa sáré nínú ilé wọn, Fúnláyọ̀ gbà á gbọ́. Ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà, ó to kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú pé ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ WÀ NÍBÍ. Òjò dé, ó lọ. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Omi tútù ló wá ń tà. Àwọn ọmọ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò yunifásítì ń ka ohun tí wọ́n kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wọlé, ó ń dá wọn padà, ojú ń tì í bí ẹni tó parọ́. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lọ bá Olóyè.

Ó dúró nísàlẹ̀ pèpéle, ó kúnlẹ̀. "Olóyè, ẹ̀yin ni mo gbọ́ràn sí lẹ́nu tí mo fi fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ nílé ìwé ni mò ń dá padà yìí, sà. Bí wọ́n bá ti ìforúkọsílẹ̀, ọdún kan gbáko ni wọ́n máa fi jókòó sílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Olóyè lára. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Ó kàn jẹ́ pé ohun tó bá wọ̀ ọ́ lára, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló máa ń dà. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú fọ́tò ara rẹ̀ kan tí wọ́n ti fi gíláàsì sí.

"Gbé èyí kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí àwọn ọmọ bá rí i, wọ́n á ní sùúrù." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tàn. "Kódà! Akínbọ̀dé! Ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí ni a ó ti ṣí wáyà náà! Láti ibẹ̀ ni èmi yóò ti bá àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí sọ̀rọ̀ ní Victoria Island, ojúkojú, lórí ìbòjú ńlá, kí gbogbo Addo máa wò mí!"

"Ojú ọ̀run yóò bọ́ fìlà fún yín, sà!" ni Akínbọ̀dé wí.

Wọ́n dá ọjọ́. Wọ́n fi gbogbo agbára so wáyà, ó sì dé ṣọ́ọ̀bù Fúnláyọ̀ nítòótọ́. Ó ku ọ̀la kí ayẹyẹ wáyé, katapílà kan fẹ́ yà fún ọkọ̀ oníyanrìn, ó fi ẹsẹ̀ kan rì wọ etí títì, ó sì já wáyà náà. Ó parí.

Hameedah, Akínbọ̀dé àti Olúdélé dúró sórí ihò náà, wọ́n ń wo ojú wáyà tó ti fọ́ bí ìgbálẹ̀.

"Ta ló máa sọ fún un?" ni Hameedah béèrè.

Olúdélé tutọ́ sílẹ̀. "Èmi? Ilẹ̀ ni mò ń wà, Àǹtí. Mi ò kì í wa sàréè ara mi."

Akínbọ̀dé ń làágùn. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó sún mọ́ Hameedah, ó sọ ohùn rẹ̀ di ìsọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnjíníà... àpótí yẹn. Ti orí òrùlé. Èyí tó ń lo... ẹ mọ ohun tó ń lò. Ṣé ó ṣì wà?"

Ó wà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé àpótí náà sórí òrùlé Fúnláyọ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀pó Lakowe tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Fúnláyọ̀ tẹ kọ̀ǹpútà kan. Ó ṣí. Ó tẹ èkejì, ó ṣí. Ó gbé ọwọ́ lérí. Nígbà tó ṣe, ó sáré jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ àdúgbò lórúkọ bí ìgbà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì, wọ́n sì ya wọlé, wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀kan ń jáde, òmíràn ń wọlé. Hameedah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bọ́ lọ́la. Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta àgọ́, wọ́n gbé ìbòjú ńlá síta. Olóyè dé nínú agbádá tó tóbi débi pé apá kan rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ nígbà tí òun ti ń kí àwọn ènìyàn. Lórí ìbòjú, Ìyáàfin Ṣèyílọ́lá Odùkọ̀yà, alága ìgbìmọ̀ olùdarí, jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Victoria Island. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni. Ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, àwòrán mọ́ gaara.

Olóyè wúkọ́. "Ẹ̀yin ará Addo! Ẹ̀yin ará Ajah! Ẹ̀yin tí ẹ wà láyé, àti ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí! Kí n tó dé, òkùnkùn ni! Kí n tó dé, bí ẹ bá fẹ́ bá ará Abuja sọ̀rọ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun igi! Àwọn kan wá bá mi. Wọ́n ní, Olóyè, ẹ jẹ́ ká lo..." Ó dúró. Ó pinnu láti rú òfin ara rẹ̀. "Wọ́n ní ká lo afẹ́fẹ́! Ẹ wo ìbòjú yẹn! Ẹ wo bí ojú mi ṣe ń dán! Mo bi yín, ṣé afẹ́fẹ́ lè gbé irú ojú báyìí?"

"Kò lè gbé e!" ni Akínbọ̀dé dáhùn.

"Wáyà ló gbé e! Wáyà Akíndàmọ́lá! Ẹ ṣí ihò yẹn fún mi, kí n gbé wáyà náà sókè kí ayé rí i!"

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, sà, aṣọ yín á dọ̀tí..."

"Ẹ ṣí i!"

Olúdélé wo Hameedah. Hameedah wo ilẹ̀. Olúdélé ṣí i.

Olóyè ká apá agbádá, ó bẹ̀rẹ̀, ó di wáyà mú, ó fi gbogbo agbára fà á bí ẹni tó ń fa erinmi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti fa okùn tí kò so mọ́ ohunkóhun rí, ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Wáyà jáde wọ̀ọ̀. Olóyè fi ìdí lélẹ̀ nínú iyanrìn, gbìì, fìlà sọnù, orí wáyà tó ti fọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, akàn kan sì rọ̀ mọ́ ọn, kò fẹ́ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ sì ń hàn lórí ìbòjú, gaara, láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Olóyè," ni ohùn Ìyáàfin Odùkọ̀yà wí láti Victoria Island, "kí lẹ dì mú yẹn?"

"Wáyà ni, mà."

"Wáyà wo?"

"Wáyà tí... wáyà tí ẹ fi ń gbọ́ mi."

Alága náà tẹjú mọ́ ọn. "Ó ti já."

"Ó ti já, mà."

"Mo ṣì ń gbọ́ yín o."

"Ẹ... ẹ ń gbọ́ mi?"

"Ketekete."

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn àgọ́, ó ṣàn wá síwájú. Àwọn ará Ìkirè ń yí nílẹ̀. Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ wá ń kígbe pé kí wọ́n bá òun mú akàn yẹn kó tó sá lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé ìgbéraga máa ń kú kíá bẹ́ẹ̀? Olóyè dìde, ó gbé wáyà sókè. "Ẹ wo agbára! Wáyà mi le débi pé bó tilẹ̀ já, iṣẹ́ ló ń ṣe!"

Akínbọ̀dé pàtẹ́wọ́, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Òun nìkan. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó sì rọra tì wọ́n bọ àpò.

Hameedah bọ́ síwájú ìbòjú. "Èmi ni, mà. Afẹ́fẹ́ ni ẹ fi ń gbọ́ wa. Láti àná ni àwọn ọmọ ibí ti ń fi í forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò."

"Ẹ wá rí wa, ẹ̀yin méjèèjì," ni alága wí, ó sì pa ìbòjú.

Níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí Hameedah ṣàlàyé. Kò fi èdè ńlá há wọn lọ́fun. "Mà, bí a bá fẹ́ lo wáyà, àfi ká walẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù kí ó tó lè sọ 'ẹ ǹlẹ́'. Ọ̀pó kan ṣoṣo, gbogbo Addo ló ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ pàápàá, ó ti ń dúró dè é. Katapílà ò lè gé e, olè ò rí nǹkan yọ nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé wáyà kò dára. Ó yára ju afẹ́fẹ́ lọ, kò sì bìkítà fún òjò. Bí títì bá parí tí ilẹ̀ fìdí múlẹ̀, a ó padà sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti wà níbẹ̀ báyìí, mà. Wọn ò lè máa dúró de títì."

Wọ́n yíjú sí Olóyè. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé tó nípọn. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní, "Nígbà tí Ọlọ́run dá ayé..." Ìyáàfin Odùkọ̀yà gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi, wọ́n fi Hameedah sórí àga. Kí Olóyè tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti ń gbọ́ ohùn Akínbọ̀dé lókè: "Ìyálóde ojú sánmà! Ẹni tó ń rán ọ̀rọ̀ níṣẹ́ láìfi okùn so ó lẹ́sẹ̀!"

"Akínbọ̀dé," ni Hameedah wí, "jókòó." Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n gbé pèpéle kúrò.

Ní ti Olóyè, ilé rẹ̀ wá dákẹ́ jù. Fóònù kò dún mọ́. Tájù ti ń wa ẹlòmíràn. Yóò jí ní òwúrọ̀, yóò múra tán, kò sí ibi tó ń lọ, yóò jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú fìlà lórí. Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí, àánú ṣe é. Nígbà tó di pé kí Olóyè fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abuja, tó ń pàlẹ̀mọ́ pé òun yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ fúnra òun, Jùmọ̀kẹ́ ní:

"Ọkọ mi, kí lẹ fẹ́ máa fò lọ sí Abuja ṣe? Ẹ lọ sí Addo. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kíá."

Ó lọ. Ṣọ́ọ̀bù Fúnláyọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn bíríkìlà ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ọmọdébìnrin kan ń wo èsì ìdánwò rẹ̀, ó ń fò sókè. Kò sẹ́ni tó ráyè wo Olóyè. Ó tò sí ẹ̀yìn, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí àwọn yòókù, títí ó fi kàn án. Fúnláyọ̀ gbé ojú sókè, ó rí i. Ó sinmi ọwọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fa àga kan fún un, àga oníke lásán, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

"Ó ti lọ, sà."

"Ó ti lọ síbo?"

"Abuja, sà. Ó ti dé ibẹ̀ kí ẹ tó jókòó dáadáa."

Olóyè wo kọ̀ǹpútà, ó wo àwọn ènìyàn tó kún inú ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun kan gùn ún láti inú wá. Ó dìde, ó ká apá agbádá, ó wúkọ́. "Ẹ̀yin ènìyàn mi..."

"Ẹni tó kàn!" ni Fúnláyọ̀ wí.

Bíríkìlà kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọra fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún síwájú díẹ̀."

Ó sì sún.